Kí Ló Dé Tí Hojicha Onímílíìkì Mi Kò Dùn Bí Èyí Tí Mo Mu Ní Osaka?

Ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ nílùú Ìbàdàn ló kọ̀wé sí mi. Ó ní: "Àbúrò mi ń gbé ní Osaka. Nígbà tí mo lọ kí i, ó mú mi lọ mu hojicha onímílíìkì, tíì àwọn ará Jàpáànù, nílé kọfí kan, adùn rẹ̀ kò sì kúrò lẹ́nu mi títí dòní. Ó ti wá fi àpò méjì ránṣẹ́ sí mi, ọ̀kan jẹ́ ewé, èkejì jẹ́ ìyẹ̀fun. Ṣíbí ìmutíì kan ni mò ń bù sínú ife, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo sì ń lò, torí wọ́n sọ fún mi pé omi híhó máa ń ba tíì aláwọ̀ ewé jẹ́. Mo máa ń bomi la mílíìkì inú agolo kí n tó dà á sí i, àmọ́ adùn mílíìkì nìkan ló ń kù lẹ́nu mi. Èyí tó jẹ́ ìyẹ̀fun ń di kókó, ó sì ń sùn sí ìsàlẹ̀ ife. Àwọ̀ rẹ̀ tún pọ́n rẹ́súrẹ́sú, aládùúgbò mi kan sì ní ó ti bàjẹ́, torí àwọ̀ tirẹ̀ dà bí ewé tútù yọ̀yọ̀. Ṣé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe ni, àbí mílíìkì wa níbí ló fà á? Wọ́n tún ní kò ní kaféènì. Ṣé òótọ́ ni? Alẹ́ ni mo fẹ́ràn láti máa mu ún, ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún méje sì ti ń bá mi mu nínú ẹ̀."

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, mà. Nǹkan mẹ́rin ló ń dà yín láàmú: omi, àwọ̀, mílíìkì àti kaféènì. Gbòǹgbò kan náà ni méjì àkọ́kọ́ ní. Òfin matcha, ìyẹ̀fun tíì aláwọ̀ ewé, ni wọ́n kọ́ yín, òun lẹ sì ń fi ṣe ohun tí kì í ṣe matcha. Ara igi kan náà ni matcha àti hojicha ti wá, àmọ́ iná ti pààlà sí àárín wọn, ohun tí ọ̀kan ń sá fún gan-an ni èkejì ń fẹ́. Ní ti kaféènì, ẹ fara balẹ̀ ka ohun tí mo kọ sísàlẹ̀, pàápàá nítorí ọmọ yín, torí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún yín kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká tètè yanjú ọ̀rọ̀ àwọ̀. Tí wọ́n bá já ewé tíì ní ilẹ̀ Jàpáànù, ooru omi ni wọ́n fi máa ń sè é kíákíá kó má bàa dúdú, wọ́n á sì gbẹ ẹ́. Tíì aláwọ̀ ewé nìyẹn. Hojicha máa ń kọjá níbẹ̀ bíi tàwọn yòókù, àmọ́ lẹ́yìn tó bá ti gbẹ tán ni wọ́n tún gbé e ka iná, tí wọ́n yan án títí ó fi pọ́n. Nítorí náà, kò sí ohun tó ṣe ìyẹ̀fun yín. Matcha ni ti aládùúgbò yín, ewé tí wọ́n fi ìbòjì bò lóko kó tó di pé wọ́n já a, tí iná ìyan kò sì kàn án rárá. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà ni pé Kyoto ni yíyan yìí ti di òwò, láàárín ọdún 1920 sí 1929, nígbà tí àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í yan ewé líle àti igi ewé, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé ewé dúró, tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣa èyí tó dára jù tà. Bancha, ewé tó ti gbó díẹ̀, ni a ṣì ń yan jù títí dòní, àmọ́ a máa ń yan sencha, tíì aláwọ̀ ewé tó wọ́pọ̀ jù ní Jàpáànù, náà. Ní Kanazawa ní ẹkùn Ishikawa, igi ewé ni wọ́n ń yan, wọ́n ń pè é ní Kaga bōcha. Èyí tí wọ́n fi igi ewé àkọ́kọ́ ọdún ṣe ni wọ́n gbé fún Ọba Showa, olú ọba Jàpáànù nígbà náà, nígbà tó ṣe ìbẹ̀wò síbẹ̀ lọ́dún 1983. Bí àpò yín bá kún fún igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ju ewé lọ, ẹ má rò pé ìdọ̀tí ni, ẹ tọ́jú ẹ̀ dáadáa.

Ohun tí iná ń ṣe nínú ewé yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dájú, torí òun ló máa dáhùn ìyókù. Ìkòkò amọ̀ kékeré kan wà níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Kyoto, horoku ni wọ́n ń pè é. Ihò wà nínú ọwọ́ rẹ̀ láti òpin dé òpin, ibẹ̀ la máa ń da tíì jáde gbà. Bí ẹ bá da ewé sí i tí ẹ sì ń mì í lórí iná, òórùn koríko gbígbẹ ló máa kọ́kọ́ jáde. Láìpẹ́, àwọn igi ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, wọ́n á ta pò-pò díẹ̀, àwọ̀ wọn á sì ṣí kúrò ní tútù. Lẹ́yìn náà ni èéfín funfun fẹ́ẹ́rẹ́ máa yọ. Tí èéfín yẹn bá ti yọ, ìṣẹ́jú àáyá ló kù, ẹni tó bá ń wo ibòmíràn máa jó o. Láàárín àkókò kúkurú yìí, ṣúgà àti àwọn èròjà amínò inú ewé ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ nínú ooru, wọ́n sì ń di pyrazine, àwọn èròjà olóòórùn dídùn tó tún wà nínú kọfí yíyan àti ẹ̀pà yíyan. Iná sì tún ń dín catechin kù. Catechin ló ń fún ahọ́n pọ̀ tó sì ń korò nínú tíì.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ omi ti wọlé. Ẹni tó sọ fún yín pé omi híhó ń ba tíì aláwọ̀ ewé jẹ́ kò parọ́. Omi tó gbóná jù máa ń fa catechin jáde lọ́pọ̀ yanturu nínú sencha àti matcha, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi omi 70 sí 80°C ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n iná ti bá yín mú catechin yẹn fúyẹ́ nínú hojicha. Òórùn iná ni ohun tí ẹ ń wá nínú rẹ̀, òórùn yẹn kì í sì í jáde fún omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Fún èyí tó jẹ́ ewé, omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó ni kí ẹ dà lé e lórí, láìdúró dè é kó tutù. Bí ẹ bá ṣe èyí nìkan láìyí nǹkan mìíràn padà, ẹ óò ti rí ìyàtọ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Àmọ́ ewé yín náà kò tó. Ewé tíì yíyan fúyẹ́ gan-an, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ láàárín rẹ̀. Ṣíbí ìjẹun kan tó kún kì í ju nǹkan bíi gíráàmù 3 lọ, nítorí náà ṣíbí ìmutíì kan tí ẹ ń bù fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju gíráàmù kan lọ. Ìyẹn kéré pàápàá fún ẹni tí kò fẹ́ da mílíìkì sí i. Fún ife kan tí mílíìkì máa wọ̀, gíráàmù 10 ni mò ń lò, ìyẹn ṣíbí ìjẹun mẹ́ta tó kún dáadáa, nínú mililítà 150 omi híhó. Ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ewé á mu díẹ̀ nínú omi náà, ohun tí ẹ máa sẹ́ jáde á tó nǹkan bíi mililítà 120. Ẹ má fún ewé náà, ẹ jẹ́ kó ro fúnra rẹ̀. Kí ẹ tó da mílíìkì sí i, ẹ tọ́ ọ wò. Bó bá rọ̀ yín lọ́rùn láti mu bẹ́ẹ̀ láìsí mílíìkì, kò tíì tó. Ó gbọ́dọ̀ le ju ohun tí ẹ lè fi ìrọ̀rùn mu lọ, kí mílíìkì tó wá rọ̀ ọ́. Èyí ló ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀ nídìí hojicha onímílíìkì: tíì tó dùn ún mu lásán ni wọ́n ń ṣe, wọ́n á wá rì í sínú mílíìkì.

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ ilé ní Jàpáànù ló ń se ewé náà nínú mílíìkì tààràtà, nínú ìkòkò kékeré, ó sì ń dùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ wọn dáadáa: omi díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń rẹ ewé lórí iná, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú kan, kí mílíìkì tó wọ ìkòkò. Ìdí ni pé casein, purotéènì inú mílíìkì, máa ń so mọ́ àwọn èròjà tíì, ewé tí mílíìkì bá sì ti kọ́kọ́ bò kì í fi gbogbo ara jáde mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, ẹ gbé e kúrò lórí iná ní kété tí ẹ bá rí ìfófòó kéékèèké létí ìkòkò. Mílíìkì tó bá ti hó máa ń ní òórùn àsèjù, òórùn yẹn sì máa ń bo ti iná mọ́lẹ̀.

Ẹ bi mí bóyá mílíìkì wa ló fà á. Rárá o, mà, ọwọ́ mílíìkì inú agolo mọ́ pátápátá. Ẹ̀yin lẹ lò ó lódìkejì. Ohun tí wọ́n ṣe sí mílíìkì inú agolo ni pé wọ́n ti fa ohun tó lé ní ìdajì omi rẹ̀ jáde. Ẹ wá ń da omi yẹn padà sínú rẹ̀ kí ẹ tó dà á sínú tíì tí òun náà jẹ́ omi. Ìgbà méjì lẹ ti bomi là á. Ẹ jẹ́ kí tíì fúnra rẹ̀ jẹ́ omi tí ẹ máa fi la mílíìkì. Mililítà 120 tí ẹ sẹ́ yẹn, ẹ da mílíìkì agolo mililítà 60 tàbí 70 sí i bó ṣe wà, láìfi omi kankan kún un. Mo gbà pé ó sàn ju mílíìkì tútù ilé kọfí lọ fún irú tíì yìí, torí ooru tí wọ́n fi ṣe mílíìkì agolo ti fún un ní adùn ṣúgà jíjó díẹ̀, èyí sì bá òórùn iná hojicha mu gan-an. Mílíìkì oníyẹ̀fun náà ń ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà: ẹ fi tíì díẹ̀ pò ó títí yóò fi dán, kí ẹ tó da ìyókù lé e. Ẹ kàn ka ara agolo tàbí ọ̀rá rẹ̀ dáadáa. Àwọn kan wà lọ́jà tó jẹ́ pé òróró ewéko ni wọ́n fi rọ́pò ọ̀rá mílíìkì, irú wọn máa ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n, tíì kò sì ní lè ta yọ nínú wọn. Bí mílíìkì kò bá bá inú yín mu, ti ẹ̀wà sóyà ni wọ́n ń lò jù ní Jàpáànù, àmọ́ ti óòtù ló wù mí jù, torí adùn ọkà tó wà nínú rẹ̀.

Ní ti ìyẹ̀fun, kókó tí ẹ ń rí kì í ṣe ẹ̀bi omi, ẹ̀bi bí ẹ ṣe dà á pọ̀ ni. Ìyẹ̀fun tíì kì í yọ́ bíi ṣúgà, ṣe ló ń léfòó nínú omi ní wúńwúńwún. Bí omi púpọ̀ bá já lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, ìta ìṣù rẹ̀ á rẹ, á sì dí, inú á wà ní gbígbẹ. Ẹ fi asẹ́ tóóró kù ú sínú abọ́ gbígbẹ, ṣíbí ìmutíì méjì tó kún, nǹkan bíi gíráàmù 4. Ẹ da omi tí kò ju mililítà 50 lọ sí i, ní nǹkan bí 80 sí 90°C. Bí ẹ kò bá ní ohun tí ẹ lè fi wọn ooru, ẹ da omi híhó sínú ife òfìfo, ẹ tún dà á sínú òmíràn. Bí omi bá ṣe ń kúrò nínú ife kan bọ́ sí òmíràn, nǹkan bíi 10°C ni ooru rẹ̀ ń fi dín kù. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ óò wá lù ú. Chasen ni wọ́n ń lò ní Jàpáànù, ọparun kan ni wọ́n là wẹ́wẹ́ títí ẹnu rẹ̀ fi pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí ìjábẹ̀ ewédú. Ẹ̀rọ kékeré onílẹ́tírí tí wọ́n fi ń ru mílíìkì sókè ń ṣe é, ìgò onídèérí tí ẹ máa mì gidigidi náà ń ṣe é. Ẹ lù ú títí tí kò fi ní sí kókó kankan mọ́, kí ẹ tó da mílíìkì gbígbóná sí i. Mílíìkì yìí kò gbọ́dọ̀ kọjá 65°C, ìyẹn ooru tí ọwọ́ yín kò lè gbà pẹ́ lára ife. Kódà nígbà tí ẹ bá ṣe gbogbo rẹ̀ dáadáa, díẹ̀ á ṣì sùn sísàlẹ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ẹ máa rò ó bí ẹ ṣe ń mu ún.

Ó wá ku kaféènì. Òótọ́ ni pé díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń bá ooru ìyan lọ, òótọ́ sì ni pé igi ewé kò ní tó ewé, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti mú un pé kò ní rárá. Ìwé ìwọ̀n èròjà oúnjẹ tí ìjọba Jàpáànù ń tẹ̀ jáde sọ pé mílígíráàmù 20 ló wà nínú mililítà 100 hojicha. Iye kan náà ni wọ́n kọ fún sencha. Kọfí jẹ́ 60. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ á ní kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe se tiwọn: gíráàmù 15 ewé nínú mililítà 650 omi, fún ìdajì ìṣẹ́jú péré. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, nǹkan bíi mílígíráàmù 9 ni gíráàmù ewé kọ̀ọ̀kan fi sílẹ̀. Gíráàmù 10 tí mo ní kí ẹ lò, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, lè tó mílígíráàmù 90 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ife kọfí kan. Ti ìyẹ̀fun náà ní ọ̀ràn tirẹ̀: gbogbo ewé lẹ ń gbé mì, kò sí èyí tó kù sínú asẹ́.

Nítorí náà, mà, ẹ má mu ún lálẹ́ bí ẹ bá fẹ́ sùn dáadáa. Ara ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń lo nǹkan bíi wákàtí márùn-ún kó tó mú ìdajì kaféènì kúrò. Ọ̀sán, tàbí kí oòrùn tó wọ̀, ló dára jù. Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù sọ lọ́dún 2015 pé mílígíráàmù 400 lójúmọ́ kò léwu fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, 200 fún aláboyún. Fún ọmọdé, wọ́n dá a lábàá pé kó má ju mílígíráàmù 3 lọ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Ọmọ tó bá wọn kílò 22, mílígíráàmù 66 nìyẹn, ife yín kan sì ti lè kọjá ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un mọ́. Ẹ gbóná mílíìkì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ẹ bá sì ní àìsàn àìtó ẹ̀jẹ̀, ẹ má mu tíì yìí mọ́ oúnjẹ, torí tíì máa ń dí ara lọ́wọ́ láti gba áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, ẹ fi wákàtí kan tàbí méjì sí àárín wọn. Tíì ni mo mọ̀, mi ò kì í ṣe dókítà. Bí ẹ bá ń lo oògùn, ẹ bi dókítà yín.

Ohun kan wà tí mi ò lè ṣèlérí fún yín. Apá kan nínú adùn tí ẹ rántí yẹn kì í ṣe ti tíì. Ọ̀pọ̀ ilé kọfí ló ń fi omi ṣúgà sí hojicha wọn kí oníbàárà tó mú un, tàbí kí wọ́n lo ìyẹ̀fun tí ṣúgà ti wà nínú rẹ̀. Bí tiyín bá ṣì dà bíi pé ó ṣófo lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe yìí, ẹ fi ṣúgà búráùn ṣíbí ìmutíì kan sínú tíì gbígbóná kí mílíìkì tó wọ̀ ọ́. Ṣúgà dúdú erékùṣù Okinawa ni wọ́n fẹ́ràn láti fi ṣe é, àmọ́ ṣúgà búráùn tó bá ní òórùn ìrèké ṣì sún mọ́ ọn. Oyin kì í bá a mu lójú tèmi, òórùn rẹ̀ máa ń bá ti iná jà. Apá kejì ni pé hojicha tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan kò láfiwé, òórùn yẹn sì ń lọ díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti ṣí àpò. Nínú ooru àti ọ̀rinrin Ìbàdàn, ó ń yára lọ ni. Ẹ bu èyí tí ẹ máa lò fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sínú agolo tí ìdérí rẹ̀ le, ẹ di ìyókù mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé, kí ẹ sì gbé e sínú fìríìsà. Tí ẹ bá mú un jáde, ẹ má ṣí i títí tí òtútù rẹ̀ á fi lọ pátápátá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìrì á sẹ̀ sínú rẹ̀.

Ewé tí òórùn rẹ̀ bá ti kú ṣì ní àtúnṣe. Ẹ dà á sínú páànù gbígbẹ tí kò ní òórùn ata tàbí epo, ẹ fi iná kékeré yan án, ẹ máa mì í láìdúró, òórùn á padà dé kó tó pé ìṣẹ́jú méjì. Ẹ tètè dà á sórí àwo fífẹ̀, torí ooru páànù lásán lè jó o lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná. Ọ̀nà yìí kan náà lẹ lè fi yan tíì aláwọ̀ ewé tí ẹ bá rí rà lọ́jà nígbà tí àpò yín bá tán. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti ilẹ̀ Ṣáínà, inú páànù ni wọ́n ti fi iná pa á dípò ooru omi, nítorí náà kò ní jọ ti Kyoto tán, àmọ́ ó dára ju kí ẹ máa ra hojicha tó ti pẹ́ lórí igbá. Èyí tó wà nínú báàgì kéékèèké ni mi ò ní gbà yín níyànjú láti yan, ó ti lọ̀ jù, ṣe ló máa jó. Ìyẹ̀fun náà kò ṣeé tún yan, òun sì ni òórùn rẹ̀ ń yára lọ jù, torí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ lò tán nínú àpò méjèèjì. Bó bá ṣì kù díẹ̀ nílẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná lù ú bí mo ṣe sọ, ẹ fi ṣúgà sí i, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá dà á lé mílíìkì agolo àti yìnyín lórí.